Àmì Ohùn Nínú Àdírẹ́sì Ìkànnì àti Àwọn Bọ́tìnì Tí A Fi Ń Pín In

Àdírẹ́sì ìkànnì tó ní àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Àwọn bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pín nǹkan sórí Facebook, X àti WhatsApp ló ṣì máa ń ṣìnà nídìí rẹ̀. Òǹkàwé kan láti Iloffa, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero, kọ̀wé béèrè bóyá ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè jẹ́ orúkọ tó ní àmì pé pérépéré, kí bọ́tìnì wọ̀nyí sì máa ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe, bí ẹni tó kọ́ ìkànnì náà bá mọ irú àdírẹ́sì tó yẹ kó fi lé bọ́tìnì lọ́wọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ètò tó ń wá ìkànnì rí ti ń lo lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà 0 dé 9, àti ìlà kékeré tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Kò sí ààyè fún ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀, ká má tíì sọ ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2003 ni wọ́n gbé ọgbọ́n kan jáde tó ń jẹ́ Punycode, èyí tó ń yí orúkọ alámì padà sí lẹ́tà lásán tí ètò àtijọ́ náà lè kà. Bí ẹnìkan bá tẹ «èkìtì» gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìkànnì, ohun tí kọ̀ǹpútà ń wá ní tòótọ́ ni «xn--kt-6iarb». Ọgbọ́n yìí kan náà ló gbé orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ dúró, èyí tí Íjíbítì, Saudi Arabia àti United Arab Emirates bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún orúkọ orílẹ̀-èdè wọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá ní Ìlọrin bó ṣe kan ará Iloffa.

Iṣẹ́ bọ́tìnì ni pé kó gbé àdírẹ́sì ojú ìwé kan sínú àdírẹ́sì mìíràn, ìyẹn ti Facebook, ti X tàbí wa.me ti WhatsApp. Bí bọ́tìnì bá gba àdírẹ́sì náà lọ́wọ́ búráúsà fúnra rẹ̀, wàhálà kì í sábà sí, nítorí búráúsà ti yí i sí Punycode ṣáájú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ibi tí ẹni tó kọ́ ìkànnì ti fọwọ́ kọ orúkọ alámì sínú bọ́tìnì. «èkìtì» á wá di «%C3%A8k%C3%ACt%C3%AC». Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tú á tú u. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kò sí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Tí bọ́tìnì bá tún yí i padà lẹ́ẹ̀kejì, àmì % fúnra rẹ̀ á di %25, líǹkì náà á sì kú pátápátá.

Àṣìṣe mìíràn wà tí kì í hàn sójú. Ètò tó ń ka iye àwọn tó tẹ ojú ìwé kan lè ka orúkọ alámì àti orúkọ xn-- sí ojú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì pín iye wọn sí méjì.

Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀ tí Faransé kò ní. Nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: àmì méjì ni wọ́n ń tò pọ̀ láti kọ ọ́. Fóònù kan lè fi àmì abẹ́ ṣáájú, òmíràn lè fi ohùn ṣáájú, ojú ènìyàn kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Búráúsà ń tún èyí tò nínú orúkọ ìkànnì, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ohun tó wà lẹ́yìn àmì «/». Bí àkọlé ojú ìwé bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì, líǹkì tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù kan lè má ṣí ojú ìwé tí wọ́n kọ lórí òmíràn. Wikipedia Yorùbá bọ́ lọ́wọ́ èyí nítorí pé ètò rẹ̀ ń to àwọn àmì sójú kan kó tó wá ojú ìwé. Ó yẹ kí gbogbo ìkànnì Yorùbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíràn, búráúsà máa ń fi xn-- han ènìyàn ní gbangba nítorí àwọn gbájúẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, olùṣèwádìí kan fi lẹ́tà Cyrillic kọ orúkọ tó jọ apple.com tí ojú kò lè yà á sọ́tọ̀, Chrome sì tètè mú òfin rẹ̀ le sí i. Àgbàlagbà tó bá rí xn-- nínú WhatsApp ẹgbẹ́ tí kò sì tẹ̀ ẹ́ kò ṣe ohun tí kò yẹ.

Ìmọ̀ràn tó dára jù fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni kí wọ́n gba orúkọ méjèèjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ìparí orúkọ tí wọ́n fẹ́ ń gba àmì. Kí orúkọ aláìlámì jẹ́ ojúlówó tí bọ́tìnì ń gbé kiri, kí orúkọ alámì sì máa darí ènìyàn sí i. Orúkọ aláìlámì náà ni kí wọ́n kọ sínú og:url, ìlà inú kóòdù ojú ìwé tí Facebook fi ń dá a mọ̀. Inú og:title, àkọlé tí Facebook àti WhatsApp ń gbé jáde fún òǹkàwé, ni kí gbogbo àmì ti pé láìku ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ bá ṣì fẹ́ kí orúkọ alámì jẹ́ ojúlówó, xn-- ni kí wọ́n kọ sínú bọ́tìnì, kí wọ́n sì rántí pé lẹ́tà 63 ni òpin, xn-- náà sì wà nínú kíkà. Sharing Debugger ti Facebook yóò fi ohun tí bọ́tìnì gbé lọ hàn wọ́n kí wọ́n tó kéde ìkànnì náà fáráyé.