Ṣé Kí N Mú Bàbá Mi Lọ sí Ilé Olówó Ẹrú?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, láti oṣù tó kọjá ni bàbá mi ti ti Ìbàdàn dé. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí èmi àti ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wà títí a ó fi dé, ó sì ti ń sú wọn. Mo fẹ́ kí gbogbo wa jáde ní Sátidé kan síbi tí ìtàn wà, tí igi àti omi náà sì wà. Ẹnìkan dárúkọ Varner-Hogg. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá gbọ́ pé oko ẹrú ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Kí la fẹ́ lọ wò nílé olówó ẹrú?" Orúnkún tún ń dùn wọ́n, wọn ò lè rìn jìnnà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ìyá Ìbejì, Alief

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú Bàbá. Ìbéèrè olùkọ́ ìtàn ni wọ́n bi ọ́ yẹn, ó sì yẹ kó ní ìdáhùn gidi. Sọ fún wọn pé ilé náà kì í ṣe ti olówó ẹrú nìkan. Àwọn ẹrú ìdílé Patton, tó ni oko náà nígbà yẹn, ló bu amọ̀ odò Brazos, àwọn ló sun ún ní bíríkì, àwọn ló mọ ògiri tó ṣì dúró ní West Columbia láti nǹkan bí ọdún 1835. Àwọn náà ló gbin ìrèké ibẹ̀, tí wọ́n sè é di ṣúgà. Jim Hogg, gómìnà Texas nígbà kan, ra oko náà ní 1901. Ima ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ta ìjọba lọ́rẹ ní àwọn ọdún 1950.

Kò ju bíi wákàtí kan lọ láti Houston. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì wọ ilé ńlá, nítorí àga àti abọ́ olówó iyebíye ni yóò gba ojú àwọn ọmọ. Àwókù ilé ìseṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kí ẹ tó kúrò, ẹ béèrè ìtàn Rachel, ẹrúbìnrin tí Columbus Patton dárúkọ nínú ìwé ìhágún rẹ̀.

Ohun tó máa mú Bàbá dìde lórí àga ni ti Levi Jordan, oko mìíràn nítòsí Brazoria. Kenneth Brown, olùkọ́ ní Yunifásítì Houston, bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn tó ń wa ilẹ̀ ibùgbé àwọn ẹrú ibẹ̀ ní 1986. Nínú yàrá kan, wọ́n bá ìdí ìkòkò irin, ìkarahun, agbárí ẹyẹ, ìṣó, ọ̀bẹ, àti nǹkan funfun bí ẹfun. Brown ní yàrá oníṣègùn ni. Ka àwọn nǹkan wọ̀nyí létí Bàbá, kí o wo ojú wọn. Kí o fi kún un pé ní àwọn ọdún 1830, àwọn oníṣòwò ń ti Kúbà kó ọmọ Áfíríkà wọ agbègbè yìí ní fàyàwọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí níbẹ̀. Tẹ oko Levi Jordan láago kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má lọ bá ilẹ̀kùn ní títì.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Brazos Bend. Nítorí orúnkún Bàbá, Creekfield Lake ni kí ẹ lọ: ọ̀nà tó yí adágún náà ká kò ju ìdajì máìlì lọ, ó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá ń gbà á. Ẹ máa rí ọ̀nì tó ń yáàrùn létí omi. Di ọwọ́ àwọn ìbejì mú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súnmọ́ àwọn ọ̀nì náà tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Fi fóònù gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, torí èrò máa ń pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ kì í sanwó.

Di mọ́ínmọ́ín àti omi púpọ̀ dání, kí o fi àga kékeré kan sẹ́yìn ọkọ̀. Tí Bàbá bá ti jókòó dáadáa létí adágún yẹn, ní kí àwọn ìbejì bi wọ́n léèrè ohun tí oníṣègùn ń fi ẹfun ṣe.