Ìṣirò Tó Fara Pamọ́ Sínú Márùndínláàádọ́ta

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò lọ́jọ́ tí a parí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lè ka ení dé ọgọ́rùn-ún ní Yorùbá ti ń ṣe áljẹ́brà láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú márùndínláàádọ́ta (45) wò. Márùn-ún ló dín nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ká ní a kò mọ iye ogún tó wà níbẹ̀. A ó fi lẹ́tà kan dúró fún un. Àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹ́ràn x. Kò sí x nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, nítorí náà a kò ní ṣì í mú fún ọ̀rọ̀ kankan.

20x − 10 − 5 = 45

Ìdọ́gba ni à ń pe èyí. Gbólóhùn ni, àmì = sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: ó ń sọ pé apá òsì àti apá ọ̀tún jẹ́ iye kan náà. Iṣẹ́ wa ni láti wá x tí yóò mú kí gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́.

Òfin méjì péré la nílò. Àkọ́kọ́, ohun tí a bá ṣe sí apá kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí apá kejì. Èkejì, ohun tí wọ́n ṣe kẹ́yìn la ó kọ́kọ́ tú. Ẹni tó wọ bùbá kó tó wọ agbádá, agbádá ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Níbí, ìsọdipúpọ̀ ló ṣáájú, dín ló tẹ̀lé e. Dín la ó kọ́kọ́ tú, lé la ó sì fi tú u.

Fi 5 kún apá méjèèjì: 20x − 10 = 50
Fi 10 kún apá méjèèjì: 20x = 60
Fi 20 pín apá méjèèjì: x = 3

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ogún mẹ́ta jẹ́ 60, yọ 10, ó ku 50, yọ 5, ó ku 45. Ó bára mu.

Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa pé bí nọ́ńbà bá sọdá, àmì rẹ̀ á yí padà. Kò sí nọ́ńbà tó sọdá. −5 pòórá lápá òsì nítorí pé a fi 5 kún ibẹ̀; 45 di 50 nítorí pé a fi 5 kún òun náà. Ẹni tó mọ ìdí yìí kò ní yọ 3 kúrò nínú 3x = 12. Ìsọdipúpọ̀ ló so 3 mọ́ x, pínpín ló ń tú u: x = 4.

Ìgbésẹ̀ yìí gan-an ló bí orúkọ áljẹ́brà. Ní nǹkan bí ọdún 820, ní Baghdad, al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá tí al-jabr wà nínú àkọlé rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni dídá ohun tó dín padà sípò. Kò lo x rárá. Ọ̀rọ̀ ló fi kọ ìṣirò rẹ̀.

Ẹ lò ó lọ́jà náà. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé 3 àti bírò ₦200, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Èló ni ìwé kan?

3x + 200 = 2,000
Yọ 200 lápá méjèèjì: 3x = 1,800
Fi 3 pín apá méjèèjì: x = 600

Ìwé kan jẹ́ ₦600.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ka owó báyìí, a ní òǹkà Yorùbá ti le jù. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣe é tú bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n àti igba dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè tú ìdọ́gba kò ní bẹ̀rù ìyókù. Ẹ gbìyànjú méjì yìí wò:

Mẹ́tàléláàádọ́rin: 20x − 10 + 3 = 73
Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún: 20x − 10 − 4 = 86

Bí ẹ bá rí 4 àti 5, ẹ gbà á. Ẹ wá tún pe ọ̀rọ̀ méjèèjì sókè, kí ẹ fetí sí ìparí wọn: -rin àti -rùn-ún. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu yín kí ẹ tó mú bírò.