ÀPÉRÒ: IṢẸ́ TÓ KÙ LẸ́YÌN ÌBÒ

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tó dá wa, tí yóò sì bi wá léèrè iṣẹ́ ọwọ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ òní jẹ́ èyí tí a máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí àti nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ore, tí a kì í sì í sọ níbi tó yẹ. A ń sọ̀rọ̀ gọ́tà, ọ̀nà oko àti ilé ìwòsàn alábọ́dé. Bí a bá sọ ọ́ tán, a ó ní Ọlọ́hun yóò ṣe é, a ó sì túká. Òun ni yóò ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí Ó fi lé àwa lọ́wọ́.

Sùúrà kejìlélógójì nínú Alùkùránì, Àpérò ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní ẹsẹ 38, níbi tí a ti ka ìwà àwọn onígbàgbọ́ òdodo sílẹ̀, àpérò tẹ̀lé ìrun kíkí, ó sì ṣáájú ìnáwó nínú arísìkí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin ni a ń kírun tàbí tí a ń ṣe sàárà. Kí ló dé tí a fi gbà bẹ́ẹ̀ fún àpérò?

Ẹ rántí ogun Úhúdù, ní ọdún kẹta Híjírà. Èrò Ànábì ni pé kí wọ́n dúró sí Mẹ̀dínà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n jáde lọ pàdé ọ̀tá, ó sì gbà fún wọn. Àwọn tafàtafà fi ààyè wọn sílẹ̀, ogun yíwọ́, nǹkan bí 70 sàhábà sì kú, títí kan Hamsa, arákùnrin bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ àwa ì bá ti pa ilẹ̀kùn àpérò dé láti ọjọ́ náà. Àmọ́ lẹ́yìn àdánù yìí ni ẹsẹ 159 Sùúrà Ààli Imurána sọ̀ kalẹ̀, tó ní kí Ànábì foríjì wọ́n, kí ó sì tún máa bá wọn gbìmọ̀ pọ̀. Bí ẹni tí wáhàyí ń sọ̀ kalẹ̀ fún bá ń gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn rẹ̀, alága káńsù wo ló ga ju ìbéèrè lọ?

Ìṣèjọba tiwa-n-tiwa kò mọ ní kí a yan ẹni tí yóò máa pàṣẹ. Ó kan kí aráàlú mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó wọn ṣe, kí wọ́n sì lóhùn sí i. Láti ọdún 1989, ní ìlú Porto Alegre ní Bùràsílì, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ̀lú ìjọba ìlú láti pinnu iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ gba owó. Níbi tí a kò bá ti bi aráàlú, ìjà ló ń tẹ̀lé e. Nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde lórí owó orí, èyí tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù.

Lónìí, a kò nílò ìjà. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀ àti kíkó ìdọ̀tí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. A dìbò yan àwọn alága àti káńsílọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú oko rọ́bà mọ̀ pé bí a bá ti la igi lára tán, a ń padà wá wo ife ni. Ta ló ń wo ife yìí?

Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé wọn yóò ní ẹgbẹ́ alátakò ló rán wọn. Òfin ọdún 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé a kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, ó sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn lé e. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo ìpele ìjọba ni òfin náà dè. Ìbéèrè kì í ṣe èébú, bí a bá fi ọ̀wọ̀ gbé e kalẹ̀.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí náà kò mọ́ tán. Ó ti pẹ́ tí a ti ka owó mọ́sálásí yìí sí etí yín, ẹ̀bi wa sì ni. A ó kà á ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbéèrè dìde.

Lẹ́tà tiwa sí Ore yóò béèrè ohun kan péré: èló ni a yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà àti ọ̀nà wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yìí, èló ni a sì ti ná? Lẹ́yìn ìrun alásàrí ọjọ́ Àìkú, a ó jókòó sí ilé kéwú láti kọ ọ́. Kí àwọn ìyá wa náà wá, nítorí àwọn ló ń la omi gọ́tà kọjá dé ọjà.