Ẹ̀bìtì Kì Í Mú Eku, Pípa Ló Ń Pa Á

Ta ni kò tíì gbọ́ ọ lórí rédíò pé ọlọ́pàá fi páńpẹ́ ọba gbé ẹnì kan? Mo bi ọmọ àbúrò mi léèrè ohun tó ń jẹ́ páńpẹ́. Ó ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni. N kò bá a wí. Àwọn tó ń fi páńpẹ́ mú ẹran ti wọ́n, ọba nìkan ló kù tó ń dẹ ẹ́.

Lẹ́nu wa báyìí, gbogbo rẹ̀ ti di pàkúté. (Ẹni tó pè é ní tàkúté kò ṣì í.) Lóko, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Irin eléyín tí alágbẹ̀dẹ rọ, tó ń há ẹran lẹ́sẹ̀, ni pàkúté. Ìdẹkùn ní tirẹ̀, okùn olójóbó ni, tí a so mọ́ igi tútù tí a tẹ̀ wálẹ̀. Ẹran kọsẹ̀ sí i, igi nà padà, okùn fún. Orin Dáfídì 91 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa ṣì rántí orúkọ rẹ̀ kejì, ìkẹ́kùn. Apẹja ló ni ìgèrè.

Ẹ̀bìtì wá ńkọ́? Òkúta pẹlẹbẹ ni, tàbí ìtì igi tó wúwo, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúró, tí a so ẹ̀kùrọ́ mọ́. Eku fa ẹ̀kùrọ́, igi yẹ̀, ẹ̀bìtì ré. Ó parí. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ẹ̀bìtì mú eku láàyè kò dẹ ọ̀kan rí. Pàkúté ń mú, okùn ń mú, ẹ̀bìtì ń pa.

Èyí ló jẹ́ kí òwe yìí dùn mọ́ mi: ẹ̀bìtì tí kò kún ẹmọ́ lójú, òun ní í yí i lẹ́pọ̀n sẹ́yìn. Níbi ìgbéyàwó kan, ojú ti alága ìjókòó, ó fi ọrùn rọ́pò ẹpọ̀n. Ó ba òwe jẹ́. Ẹmọ́ kò ka ẹ̀bìtì kékeré sí, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Orí ti jáde kí òkúta tó ré, ẹ̀yìn ló bá.

Ẹ ṣọ́ àmì ìsàlẹ̀ náà o. Àtè ni oje igi tó ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, tí àwọn pẹyẹpẹyẹ ń fi ra ẹ̀ka. Àtẹ ni ìyá ọlọ́jà ń to ata lé. Mo ka ìtàn kan tí ẹyẹ ti lẹ̀ mọ́ àtẹ, mo bá ń wá ẹni tó ni ata.

Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, a kì í “ṣètò” rẹ̀, a kì í “gbé e kalẹ̀”. Dídẹ là ń dẹ ẹ́. Inú dẹ yìí ni ọdẹ ti jáde, àti ìdẹ, àti ìdẹwò pàápàá.

“Ṣé ibẹ̀ náà ni ọ̀dẹ̀ ti wá, sà?” Ọmọ àbúrò mi ló tún bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ohùn àárín méjì ló wà lórí ọdẹ, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí ọ̀dẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ọdẹ kankan gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu rẹ̀.