Wíwo Àpá Iṣẹ́ Abẹ Ilé Ọmọ Nígbà Oyún

Kíláàsì: Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí, ọdún kejì
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40
Ohun èlò: Àwòrán sikáànù, rúlà

Èròǹgbà
Ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣàlàyé ìgbà tí a ń wo ojú àpá, ohun tí à ń wá níbẹ̀, àti ibi tí agbára sikáànù mọ.

Ìfáàrà
Aboyún ọ̀sẹ̀ 7 wá forúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ wò? Kíláàsì á ní bóyá ọkàn ọmọ ń lù. Ibi tí oyún jókòó sí ló ṣáájú.

Wíwò àkọ́kọ́
Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a lè rí i bí oyún bá fìdí sínú àpá. Àpò oyún á wà nísàlẹ̀, níwájú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan àpò ìtọ̀. Òkè ilé ọmọ á ṣófo. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ya, ilé ọmọ sì lè fàya. Ẹ̀rọ tí à ń kì bọ ojú ara ló ń fi í hàn jù. Ẹ gbàṣẹ lẹ́nu ìyá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ibi ọmọ
Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, ẹ wò bóyá ibi ọmọ dí ẹnu ọ̀nà, tó sì gorí àpá. Irú ibi bẹ́ẹ̀ lè ta gbòǹgbò wọnú ẹran ilé ọmọ, kó má ṣeé yọ lẹ́yìn ìbí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, láàárín àwọn tí ibi dí ọ̀nà, ó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 11 nínú 100 àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan, àti 40 nínú 100 àwọn tó ti ṣe é ẹ̀ẹ̀mejì. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bímọ síbi tí kò ti sí ẹ̀jẹ̀ àti dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ìsọ̀rí yìí ni mo fẹ́ kó yé yín jù.

Wíwọn ojú àpá
Oṣù tó kẹ́yìn ni. Kí ìtọ̀ wà nínú àpò ìtọ̀ níwọ̀nba. Ẹ wá ibi tó fẹ́lẹ́ jù, ẹ gbé àmì àgbélébùú kékeré kan sí etí àpò ìtọ̀, èkejì síbi tí omi ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, ìdájọ́ bóyá kí ìyá rọbí tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ lè yí padà, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Dókítà Rozenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ti obìnrin 642 nílẹ̀ Faransé. Èsì rẹ̀ jáde ní 1996. Nínú àwọn tí tiwọn ju mìlímítà 4.5 lọ, kò sí ẹni tí ojú àpá rẹ̀ ṣí. Láàárín 1.6 sí 2.5, nǹkan bí 16 nínú 100 ni. Ẹ kà á dáadáa: tàwọn 84 yòókù kò ṣí.

Ohun tí sikáànù kò lè dá sọ
Kò sí iye mìlímítà kan tí gbogbo dókítà fẹnu kò sí. Bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n gé níbùú nísàlẹ̀ ilé ọmọ kì í sábà ya nígbà ìrọbí, nǹkan bí 1 nínú 200. Èyí tí wọ́n là lóròó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpá ara awọ kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ abẹ àtijọ́.

Ó dùn mí pé àwọn ìyá kan ń fi iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe rí pamọ́, torí pé bíbí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù inú Bíbélì ni gbogbo ènìyàn ń gbàdúrà rẹ̀ fún wọn. Kí ìyá kankan má gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú lẹ́nu yín.

Ìgbéléwọ̀n
1. Báwo ni a ṣe ń mọ oyún tó wà nínú àpá?
2. Kí ló dé tí ìwọ̀n mìlímítà 2 nìkan kò tó láti dájọ́ iṣẹ́ abẹ?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Aboyún kan ní wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ẹ sì ti rí àpá nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe àti ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá a sọ.