Odò Kékeré fún Adágún Ẹ̀yìnkùlé

Ìbéèrè: Mo gbẹ́ adágún ẹja kékeré sí ẹ̀yìnkùlé mi n'Íbàdàn. Mo fẹ́ kí odò tín-ínrín kan máa ṣàn wọ inú rẹ̀. Ṣé mo lè darí ọ̀gbàrá sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbàrá máa ń kó ẹrẹ̀, epo mọ́tò àti oògùn apakòkòrò bọ̀. Omi adágún náà gan-an ni kí ẹ fi pọ́ńpù gbé lọ sókè, kí ó máa ṣàn padà wálẹ̀.

Ojú ọ̀nà omi ni iṣẹ́ wà. Bí omi bá rìn ní mítà 1, kí ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 lọ sílẹ̀, ó tó. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kí etí ọ̀rá náà ga ju omi lọ dáadáa, torí etí yìí ni omi ti sábà máa ń jò lọ tí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ẹ wá to òkúta lé e. Bí ẹ bá lo sìmẹ́ńtì, ẹ fi omi ṣàn án léraléra kí ẹja tó wọ adágún, nítorí sìmẹ́ńtì tuntun lè pa wọ́n.

Bí iná bá lọ, omi ojú odò yóò wálẹ̀ tán sínú adágún, nítorí náà ẹ má rọ ọ́ kún dé ẹnu. Afẹ́fẹ́ inú omi náà yóò sì máa dín kù. Àrọ̀ lè yọjú mí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí epìyà lẹ ń sìn, ẹ ra pọ́ńpù tó ń lo agbára oòrùn tó sì ní bátìrì. Bí ọmọdé bá sì wà nílé, ẹ ṣọgbà yí adágún náà ká kí omi tó wọ̀ ọ́.