Ọjọ́ Tí Ìyà Bẹ̀rẹ̀

Àlàbí, jókòó. Ìyá rẹ ní o ti kọ ìwé pé o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé oṣù mẹ́jọ kọjá, wọn ò tíì gbé ọ ga. N kò ní bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ mọ́sálááṣí Touba ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl.

Inú mọ́sálááṣí yẹn ni ibojì Sheikh Ahmadou Bamba wà. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ débi tí àyà àwọn Faransé tó ń ṣàkóso fi já. Ní 1895, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Gabon. Ó tó ọdún méje kó tó padà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi tún lé e lọ sí Mauritania. Bẹ́ẹ̀, kò fa idà yọ sí ẹnikẹ́ni.

Wàá rò pé ọjọ́ tó padà wálé ni wọ́n ń ṣàjọ̀dún. Rárá o! Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Safar, ọjọ́ tí ìrìnàjò ìgbèkùn yẹn bẹ̀rẹ̀, ni èrò ń wọ́ lọ sí Touba lọ́dọọdún. Magal ni wọ́n ń pè é. Sheikh fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa bá òun dúpẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó kú ní 1927, wọ́n sì sin ín sí Touba, ìlú tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ dó. Ní 1932 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́sálááṣí náà. Owó ẹ̀pà, owó àwọn àgbẹ̀, ló kọ́ ọ. Ogun Hítílà dá iṣẹ́ dúró. Moustapha, ọmọ Sheikh tó bẹ̀rẹ̀ ilé náà, kú ní 1945. Falilou àbúrò rẹ̀ ló ṣí i ní 1963.

Ilé gogoro àárín mọ́sálááṣí náà ga tó mítà 87. Lamp Fall lorúkọ rẹ̀, nítorí Ibra Fall, ọmọlẹ́yìn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ló fi sin Sheikh. Ibra Fall ti kú ní 1930. Kò rí bíríkì kan níbẹ̀.

 

Ìwé yẹn ńkọ́? Ṣé o ti fún ọ̀gá rẹ, àbí ó ṣì wà nínú báàgì?